Ọ̀nà Abẹ́ Ilẹ̀ Wọ Inú Kọ̀ǹpútà: Èwo Ni Kí Ẹ Yàn, Ta Ni Yóò sì Gba Ibẹ̀ Wọlé?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé òwò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Ilé mélòó nínú wa ni kò ti sí ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Mélòó nínú wa ló ń ta oúnjẹ tàbí aṣọ, tó ń di irun, tàbí tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, tó sì fẹ́ kí oníbàárà máa rajà láti orí fóònù? Bí ọmọ yín bá ń ṣe irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ fún yín, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò sọ pé, "Mọ́mì, ẹ tẹ líǹkì yìí, ẹ wo ohun tí mo ṣe." Ohun tó wà lẹ́yìn líǹkì yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ẸBÍ WA

Àbúrò mi obìnrin ń se oúnjẹ àríyá níhìn-ín ní London: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, ẹran díńdín, àsun. Orí WhatsApp àti inú ìwé kékeré kan ló ti ń gba iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ní òun yóò ṣe áàpù kan fún un, tí oníbàárà yóò ti lè yan oúnjẹ, kí ó sọ iye ènìyàn tó ń bọ̀, kí ó sì fi káàdì san owó àsansílẹ̀. Ọmọ náà ṣe é, ó sì dára. Ṣùgbọ́n orí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nìkan ló ṣì wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ìdílé kan tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún fún bàbá wọn ní àwọn fẹ́ rí bí ètò náà ṣe rí kí àwọn tó sanwó. Ọmọ náà lo ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń ṣí ọ̀nà láti ìta wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni. Ó rí líǹkì gbà, ìyá rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́. Wọ́n wò ó, wọ́n yìn ín. Nígbà tó di òru, láptọ́ọ̀pù sùn. Ní àárọ̀ Sátidé, ọmọ náà tún ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n orúkọ tuntun ni ó gbé wá; orúkọ ti àná ti kú. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó ilé náà ti fi líǹkì ti àná ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ kí wọ́n lè jọ dáwó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé, "Ṣé kì í ṣe jìbìtì lèyí? Ìkànnì tó wà lánàá tí kò sí lónìí?"

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dunni tó. Fún àwa tí àwọn kan ti ń fi ojú ìfura wo orúkọ wa nídìí owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, líǹkì tó kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán, ọ̀rọ̀ orúkọ rere ni. Àbúrò mi pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbà kí ó ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní san àsansílẹ̀ mọ́, ó di ọjọ́ àríyá. Owó ara rẹ̀ ló fi ra ìrẹsì àti ẹran.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ náà pè mí lórí fóònù, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, èwo ló dára jù nínú gbogbo wọn?" Mo dá a lóhùn pé ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kí ó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni: kí lo fẹ́ dán wò, ta ni yóò sì gba ibẹ̀ wọlé?

KÍ NI Ọ̀NÀ ABẸ́ ILẸ̀ YÌÍ GAN-AN?

Nígbà tí ènìyàn bá ń kọ áàpù, orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ tí ó ń jẹ́ níbẹ̀ ni localhost, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 127.0.0.1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "inú yàrá mi níhìn-ín". Kọ̀ǹpútà àti fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní 127.0.0.1 tirẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá fi http://localhost:3000 ránṣẹ́ sí yín, inú fóònù tiyín ni fóònù náà yóò ti máa wá a, kò sì ní rí i.

Ògiri kejì ni ráútà. Ráútà máa ń fún ẹ̀rọ inú ilé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì abẹ́lé, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni àwọn ará ìta ń rí. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn láti ìta, ráútà kò mọ ẹ̀rọ tí yóò mú un lọ bá, ó sì máa dá a padà. Nígbà mìíràn, pàápàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan náà, tó fi jẹ́ pé bí ẹ tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn lórí ráútà tiyín, kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Ibí ni ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní tunnel ti wọlé, tí èmi ń pè ní ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀. Ráútà ń dí ẹni tó ń wọlé, kì í sábà dí ẹni tó ń jáde. Ètò kékeré kan lórí láptọ́ọ̀pù yóò jáde lọ bá server kan ní ìta, wọn yóò sì jọ di okùn kan mú. Server náà yóò fún un ní orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Ẹni tó bá tẹ orúkọ yẹn, server ni yóò kọ́kọ́ bá. Server yóò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba inú okùn wọ láptọ́ọ̀pù, ìdáhùn yóò sì gba ibẹ̀ kan náà padà. Bí láptọ́ọ̀pù bá sùn tàbí tí Wi-Fi bá lọ, okùn já nìyẹn.

ÌGBÀ TÍ Ẹ NÍLÒ RẸ̀, ÀTI ÌGBÀ TÍ Ẹ KÒ NÍLÒ RẸ̀

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń mú kí a nílò rẹ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ owó. Bí oníbàárà bá fi káàdì sanwó, ilé-iṣẹ́ tó gba owó náà yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí áàpù yín pé owó ti wọlé. Webhook ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Stripe ń ṣe é. Paystack náà ń ṣe é, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2015, tí Stripe sì kéde ní ọdún 2020 pé òun ń rà. Ìta ni àwọn méjèèjì wà. Wọn kò lè dé inú yàrá ọmọ yín bí kò bá sí ọ̀nà.

Èkejì ni fóònù. Browser kì í jẹ́ kí ìkànnì lo kámẹ́rà tàbí kí ó mọ ibi tí ènìyàn wà, àfi bí àdírẹ́sì rẹ̀ bá jẹ́ https. Ó yọ localhost sílẹ̀ nínú òfin yìí, ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà tí áàpù náà wà gan-an ni. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò lórí fóònù, ẹ nílò https. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó wà lọ́nà jíjìn: oníbàárà ní Manchester, tàbí ẹ̀gbọ́n yín ní Abẹ́òkúta tí yóò sọ fún yín bóyá ìkànnì náà ń yára ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀hún.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jọ wà nínú ilé kan náà lórí Wi-Fi kan náà, tí ẹ kàn fẹ́ wo bí ojú ewé ṣe rí, àdírẹ́sì 192.168 ti láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú nọ́ńbà port rẹ̀ lè tó. Ẹ kò nílò láti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Bí ó bá sì jẹ́ webhook Stripe nìkan ni ẹ fẹ́ dán wò, Stripe ní ètò kan tí ń jẹ́ Stripe CLI. Bí ẹ bá tẹ àṣẹ `stripe listen --forward-to localhost:3000/webhook`, yóò máa gbé iṣẹ́ náà wá sí orí láptọ́ọ̀pù láìjẹ́ pé àlejò kankan lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fẹ́ kó wà lójoojúmọ́ ni, ẹ gbé e sórí server gidi. Orí láptọ́ọ̀pù ọmọ kọ́ ni ó yẹ kí òwò ìyá rẹ̀ máa gbé.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ Ẹ TÓ YÀN

1. Ṣé orúkọ náà kì í yí padà? Èyí ni ó mú àbúrò mi. Àwọn iṣẹ́ kan máa ń fúnni ní orúkọ tuntun nígbàkúùgbà tí a bá ṣí wọn. Ìyẹn dára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lọ kọ àdírẹ́sì webhook sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó. Bí orúkọ bá yí padà, ibi tí kò sí mọ́ ni wọn yóò máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, ẹ̀yin yóò sì rò pé kóòdù yín ló bàjẹ́.

2. Ta ni ó lè rí ohun tó ń kọjá nínú ọ̀nà náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tí https ti wà, kò sí ẹni tó lè rí nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀nà wọ̀nyí. Orí server ilé-iṣẹ́ náà ni àpò https ti máa ń tú, kí wọ́n tó tún un dì wá sí ọ̀dọ̀ yín. Èyí kò sọ pé wọ́n ń yọjú wò ó, ṣùgbọ́n ó sọ pé ẹ ti gbà láti fọkàn tán wọn. Bí ó bá jẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì ènìyàn gidi ló ń kọjá, ẹ ro ó dáadáa.

3. Ta ni ó lè wọlé? Orúkọ tó gùn tó sì rújú kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá dé ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé, àfi bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ yàn lè béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tàbí íméèlì kí àlejò tó dé orí láptọ́ọ̀pù rárá.

4. Kí ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí? Àwọn iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan máa ń gbé ojú ewé ìkìlọ̀ síwájú tiyín, láti kìlọ̀ fún àlejò pé kí ó ṣọ́ra, nítorí pé àwọn ọ̀daràn máa ń fi irú líǹkì bẹ́ẹ̀ tan ènìyàn. Ìkìlọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n yóò sá. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ sọ fún un ṣáájú pé yóò rí i.

5. Kí ni ààlà rẹ̀, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí ó bá kọjá ààlà? Ọ̀fẹ́ sábà máa ń ní òṣùwọ̀n: iye dátà, iye ìgbà tí a lè kànlẹ̀kùn. Iye owó àti ààlà wọ̀nyí máa ń yí padà, nítorí náà ẹ ka ojú ewé iye owó wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yàn, kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ sọ ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò fi eré sísá ṣe ọ̀kan nínú márààrún. Fún ìdánwò, gbogbo wọn ló yára tó. Àwọn ọmọ máa ń jà lórí èyí tó yára jù, ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

ÀWỌN TÓ WÀ LỌ́JÀ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn wọ̀nyí ni ó wọ́pọ̀ jù.

ngrok ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń gbọ́. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́ kan, lẹ́yìn náà àṣẹ `ngrok http 3000` ti tó. Ohun tó mú un wù mí ni ojú ewé kan tó máa ń ṣí sórí láptọ́ọ̀pù yín ní 127.0.0.1:4040, níbi tí ẹ ti lè rí gbogbo iṣẹ́ tó wọlé, kí ẹ sì tún ọ̀kan rán láìjẹ́ pé ẹ tún sanwó ìdánwò. Fún webhook, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àkáńtì ọ̀fẹ́ rẹ̀ ń fúnni ní orúkọ kan tí kì í yí padà, ṣùgbọ́n ó ń gbé ojú ewé ìkìlọ̀ síwájú àlejò tó bá lo browser. Ìkìlọ̀ náà kì í dí webhook lọ́wọ́.

Cloudflare Tunnel ní ọ̀nà méjì. Ti kíákíá kò béèrè àkáńtì: `cloudflared tunnel --url http://localhost:3000`, ẹ ó sì gba orúkọ kan lábẹ́ trycloudflare.com. Orúkọ yẹn máa ń yí padà, Cloudflare fúnra rẹ̀ sì sọ pé fún ìdánwò nìkan ni. Kì í gbà ju ìbéèrè 200 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kejì nílò àkáńtì àti orúkọ ìkànnì tí ẹ ti rà tí ẹ sì ti gbé sí abẹ́ Cloudflare. Èyí ni orúkọ rẹ̀ kì í yí, ó sì ṣeé fi Cloudflare Access sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀: àlejò yóò tẹ íméèlì rẹ̀, wọn yóò fi nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan ránṣẹ́ sí i, ẹni tí íméèlì rẹ̀ kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yín kò ní wọlé. Láti ọdún 2021 ni Cloudflare ti sọ tunnel yìí di ọ̀fẹ́.

Tailscale Funnel yàtọ̀ ní ohun pàtàkì kan: orí ẹ̀rọ tiyín gan-an ni àpò https ti ń tú, nítorí náà server wọn tó wà láàárín kò lè ka ohun tó ń kọjá. Orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí ts.net, kì í sì í yí padà ṣáá. Port mẹ́ta péré ni ó ń gbà fún àwọn ará ìta: 443, 8443 àti 10000.

Bí ọmọ yín bá ń lo Visual Studio Code, ọ̀nà kan ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àkáńtì GitHub ni yóò fi wọlé. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé títì ni ilẹ̀kùn wà láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó ṣí i nìkan ló lè wọlé, àfi bí ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ti gbogbogbòò.

localtunnel jẹ́ ti ọ̀fẹ́, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba: `npx localtunnel --port 3000`. Ẹ lè béèrè orúkọ tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé ẹ ó rí i gbà. Fún wíwò kíákíá láàárín àwọn tó ń kọ áàpù, ó tó.

Èyí tó kẹ́yìn ni kí ẹ ṣe tiyín: kí ẹ yá server kékeré kan, kí ẹ sì fi SSH ṣe ọ̀nà náà pẹ̀lú `ssh -R`, tàbí kí ẹ lo frp, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Níbí, kò sí iṣẹ́ tunnel kan láàárín tó ń tú àpò yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ni aṣọ́nà, ẹ̀yin ni alátúnṣe, ẹ̀yin ni ẹ ó máa sanwó server.

ÀWỌN ÀLEJÒ TÍ A KÒ PÈ

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọmọ àbúrò mi kọ́kọ́ yàn lẹ́yìn ìtìjú ọjọ́ Sátidé. Ó ní òun kò fẹ́ kí orúkọ yí padà mọ́ láé. Ó yá server, ó lo orúkọ ìkànnì tí ìyá rẹ̀ ti rà, ó gba ìwé-ẹ̀rí https, gbogbo rẹ̀ sì ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ní ọjọ́ kejì ó fi àwòrán ìwé àkọsílẹ̀ server náà ránṣẹ́ sí mi. Àwọn àlejò kan tí kò sí ẹni tó fún ní líǹkì ti wá. Wọ́n ń béèrè fáìlì `.env`, níbi tí àwọn tó ń kọ áàpù máa ń kó kọ́kọ́rọ́ àṣírí sí. Wọ́n ń béèrè `/admin`. Wọ́n ń béèrè `wp-login.php`, bẹ́ẹ̀ kò sí WordPress níbẹ̀ rárá.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Nígbà tí a bá gba ìwé-ẹ̀rí https fún orúkọ kan, wọ́n máa ń kọ orúkọ náà sínú àkọsílẹ̀ gbangba tí ẹnikẹ́ni lè kà. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ka àkọsílẹ̀ yìí, kí wọ́n sì máa lọ kan ilẹ̀kùn tuntun wò. Kò sí ẹni tó dájú sọ ọmọ wa. Gbogbo ilẹ̀kùn tuntun ni wọ́n ń dì mú.

Nígbà náà ni mo béèrè ìbéèrè tó mú kí ó dákẹ́ lórí fóònù: "Orúkọ àwọn wo ló wà nínú áàpù náà?" Láti lè rí i bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ti kó àkọsílẹ̀ oníbàárà ìyá rẹ̀ gidi sínú rẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé, ọjọ́ tí olúkúlùkù fẹ́ ṣe àríyá. Ojú ewé `/admin` kò sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, nítorí pé nígbà tó wà ní localhost, òun nìkan ló ń wò ó. A ka ìwé àkọsílẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn àlejò náà ti kan `/admin`, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí ọmọ náà fún ojú ewé tirẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọn kò sì rí i. Ohun tó gba ìyá rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ ronú wò: ọjọ́ tí ilé yóò ṣófo nítorí àríyá, àti àdírẹ́sì ilé náà, nínú ìwé kan náà.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni ẹnu tí a fọwọ́ ara wa là sára ògiri. Nítorí náà:

Ẹ má fi orúkọ ènìyàn gidi dán áàpù wò. Ẹ ṣẹ̀dá orúkọ àti nọ́ńbà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Òfin tó ń dáàbò bo dátà ní Britain kò yọ ìdánwò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Nàìjíríà ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2023.

Ẹ lo kọ́kọ́rọ́ ìdánwò ti Stripe tàbí Paystack, kì í ṣe èyí tó ń gba owó gidi.

Ẹ pa ipò àtúnṣe áàpù kí ẹ tó ṣí ọ̀nà. Bí Django tàbí Laravel bá wà nípò yìí, ojú ewé àṣìṣe wọn lè fi ọ̀pọ̀ nǹkan inú áàpù han àlejò. Bí Django tàbí Vite bá sì kọ orúkọ tuntun náà, ẹ kọ orúkọ yẹn nìkan sínú `ALLOWED_HOSTS` tàbí `allowedHosts`. Ẹ má kọ àmì tó ń gba gbogbo orúkọ láyè.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ti ọ̀nà náà. Èyí ni a máa ń gbàgbé jù.

ILẸ̀KÙN ÈNÌYÀN ÀTI ILẸ̀KÙN Ẹ̀RỌ

Nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ẹnu ọ̀nà, ìṣòro mìíràn yọjú: iṣẹ́ pé owó ti wọlé kò dé mọ́. Ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó kò lè tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí íméèlì. Ohun tí a ṣe ni pé a yọ ojú ewé webhook nìkan sílẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọlé, a sì fi ìfọwọ́sí ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Stripe máa ń fi ìfọwọ́sí kan sínú `Stripe-Signature`. Paystack máa ń fi tirẹ̀ sínú `x-paystack-signature`, tí ó fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí yín ṣírò pẹ̀lú HMAC SHA512. Áàpù yín gbọ́dọ̀ tún un ṣírò kí ó tó gbà pé owó wọlé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì náà lè parọ́ pé òun ti sanwó, ẹ̀yin yóò sì máa se ìrẹsì fún un.

LÁPTỌ́Ọ̀PÙ IBI IṢẸ́ Ń KỌ́?

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ènìyàn gbọ́ èyí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín so mọ́ iṣẹ́. Ẹ má ṣí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ láìgba àṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ wọn lẹ fẹ́ fi ṣe. Àwọn ọ̀daràn ti lo irú ọ̀nà wọ̀nyí láti gbé kóòdù burúkú wọ ilé-iṣẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló ń dí wọn tó sì ń ṣọ́ wọn. Ohun tí ẹ̀yin rò pé ó jẹ́ ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún, lójú ẹ̀ka ààbò wọn, ẹni tó lu ògiri ilé-iṣẹ́ ni yín. Ẹ béèrè, kí ẹ sì gba èsì ní kíkọ sílẹ̀.

ÈWO NI KÍ Ẹ YÀN?

Bí ó bá jẹ́ webhook Stripe nìkan, Stripe CLI ni. Ẹ kò nílò ọ̀nà kankan. Bí ó bá jẹ́ webhook Paystack, tàbí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí ẹ sì fẹ́ rí ohun tó wọlé kí ẹ tún un rán, ngrok. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ fi nǹkan hàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kò sì sí àṣírí níbẹ̀, ọ̀nà kíákíá ti Cloudflare. Bí ó bá jẹ́ oníbàárà tí yóò máa padà wá wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ sì ti ní orúkọ ìkànnì tiyín, Cloudflare Tunnel pẹ̀lú Access. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wà láàárín lè ka ohun tó ń kọjá, Tailscale Funnel. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ server, tí ẹ sì ní àyè láti máa ṣọ́ ọ, ẹ ṣe tiyín.

Ọmọ àbúrò mi wá yan Cloudflare Tunnel lábẹ́ orúkọ ìkànnì ìyá rẹ̀, ó sì kọ íméèlì ènìyàn márùn-ún péré sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Orúkọ inú áàpù rẹ̀ kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ láyé yìí. Nígbà tí ìdánwò parí, ó gbé áàpù náà lọ sórí server gidi, ó sì ti ọ̀nà náà pa.

Ìdílé tó ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún san gbogbo owó wọn lọ́jọ́ àríyá, wọn kò jẹ gbèsè. Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyàwó ilé náà tún wá fún ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àbúrò mi fi líǹkì ránṣẹ́ sí i. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni obìnrin náà fi ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, láti wò ó bóyá ó ṣì wà, kí ó tó san àsansílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá fi líǹkì hàn yín, ẹ yìn ín, kí ẹ sì bi í pé, "Ta ló tún lè gba ibí yìí wọlé?" Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ní ìdáhùn lẹ́nu kí wọ́n tó béèrè. Ó dìgbà kan ná.